Bí A Ṣe Ń Yan Epo Mìíràn Nígbà Tí Bẹntiróòlù Bá Gbówó Lórí

Kí ẹnikẹ́ni tó fi bẹntiróòlù sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n rẹ̀, ìwé ìtọ́nisọ́nà tí ó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá ni kí ó kọ́kọ́ ṣí, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń rí irú epo tí ẹ́ńjìnnì náà lè gbà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní lè lo bẹntiróòlù tí a fi ẹtanọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tí a fi ìrèké tàbí àgbàdo ṣe, lú dé ìdá 10 nínú 100. Ṣùgbọ́n àdàlù tí ẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ tó ìdá 85 nínú 100 lè ba rọ́bà àti páìpù epo jẹ́ nínú ọkọ̀ tí a kò ṣe fún un.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣírò dáadáa. Agbára tó wà nínú lítà ẹtanọ́ọ̀lù kan kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bẹntiróòlù lọ. Bí owó lítà bẹntiróòlù kan bá jẹ́ 100, tí ti ẹtanọ́ọ̀lù sì jẹ́ 80, ẹni tó ra ẹtanọ́ọ̀lù ló ń pàdánù, bó tilẹ̀ rò pé òun jèrè. Ní Bùràsíìlì, tí ètò ẹtanọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975, 70 ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ṣe ààlà: bí owó ẹtanọ́ọ̀lù bá ju ìdá 70 nínú 100 ti bẹntiróòlù lọ, bẹntiróòlù ni wọ́n ń rà.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì nìkan ni bayodísẹ́ẹ̀lì, ìyẹn epo tí a fi òróró ewéko tàbí ọ̀rá ẹran ṣe, wà fún. Ó máa ń fọ ìdọ̀tí inú táńkì àtijọ́ kúrò, ìdọ̀tí náà á sì lọ dí fílítà. Ẹ ra fílítà tuntun sílẹ̀. Òróró tí a ti fi dín nǹkan kì í ṣe bayodísẹ́ẹ̀lì o: ó ki jù, kò sì yẹ kí a dà á sí táńkì bẹ́ẹ̀.