Bí Ọmọ Ṣe Lè Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Oúnjẹ
Nígbà tí ọmọ mi pé oṣù 6, tí ó ti ń jókòó dáadáa, tí ó sì ń nawọ́ sí àwo mi, mo fi oúnjẹ sí i lọ́wọ́ dípò kí n máa fi ṣíbí bọ́ ọ. Ẹ se ọ̀dùnkún láìfi iyọ̀ sí i, kí ó rọ̀ débi pé ìka méjì lè tẹ̀ ẹ́ fọ́, kí ẹ sì gé e gùn tó ìka àgbàlagbà, nítorí odidi àtẹ́lẹwọ́ ni ọmọ fi ń di nǹkan mú nígbà náà. Ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù máa ń bọ́ sí. Ó dùn mí níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmú ṣì ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní odidi ẹ̀pà, ẹ má fún un ní oyin kí ó tó pé ọdún 1, ẹ má sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ó bá ń jẹun.