Ṣíbí Kan Tó Tẹ́jú: Ìtọ́sọ́nà lórí Bọ́tà Ẹ̀pà fún Ilé Tó Ń Ṣọ́ Kálórì

Ohun tí à ń rí lórí òṣùwọ̀n ló mú wa kọ ìwé yìí. Láti ìgbà tí ètò ìwọ̀nra wa, níbi tí a ti ń wọn àwọn tó fẹ́ dín ìwọ̀n ara kù, ti bẹ̀rẹ̀, a ti bá àwọn èèyàn pàdé tí wọ́n ti jáwọ́ nínú ṣúgà, tí wọ́n ti dín òróró ọbẹ̀ kù, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́, síbẹ̀ tí ìwọ̀n wọn ò sún kúrò lójú kan. Bí a bá jókòó tì wọ́n, tí a bi wọ́n ní oúnjẹ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ dalẹ́, kì í pẹ́ tí bọ́tà ẹ̀pà fi máa ń yọjú. Wọ́n ti gbọ́ pé ó ń ṣe ara lóore, òótọ́ sì ni. Àṣìṣe kan ló ń ba nǹkan jẹ́, òun kan náà là ń rí ṣáá: ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

A ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń yan ẹ̀pà tàbí bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́. Ẹ mọ ìyẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ ṣíbí ni a bá wá.

Ṣíbí tí ẹ pè ní ẹyọ kan

Ṣíbí ìwọ̀n oní-mílílítà 15, bí ó bá tẹ́jú, ń gbé gíráàmù 16 bọ́tà ẹ̀pà. Gíráàmù 16 yẹn jẹ́ kálórì 95; kálórì la fi ń ka agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Ṣíbí 2 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń kọ sára ìgò pé ó jẹ́ ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan: gíráàmù 32, kálórì 190, ọ̀rá gíráàmù 16, purotéènì bíi gíráàmù 7.

Màmá kan sọ fún mi pé ṣíbí kan péré ni àwọn ń jẹ láàárọ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo gbé àwo pẹrẹsẹ lé òṣùwọ̀n, mo dá a padà sí òdo, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù ú gan-an bí ẹ ṣe máa ń bù ú nílé." Wọ́n ti ṣíbí ìjẹun bọnú ìgò, wọ́n yí ọwọ́ po, wọ́n fà á jáde. Ó ga lókè bí òkìtì ọ̀gán, èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí ṣíbí sì nípọn bí ìka. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha á sórí àwo. Òṣùwọ̀n kọ 37. Wọ́n wá lá ṣíbí náà mọ́ kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀, èyí tí wọ́n lá yẹn ò sì sí nínú 37 náà. Wọ́n wo òṣùwọ̀n, wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé nǹkan yìí ò ti bàjẹ́?"

Kò bàjẹ́. "Ṣíbí kan" tiwọn ju ṣíbí 2 lọ, kálórì 220 ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń kà á, ara wọn ń kà á lẹ́ẹ̀mejì àti lé.

Ọ̀rá ló fà á. Gíráàmù kan ọ̀rá jẹ́ kálórì 9, ti purotéènì tàbí ṣúgà jẹ́ 4. Nínú kálórì 4 tí ẹ bá jẹ nínú bọ́tà ẹ̀pà, nǹkan bíi 3 ló ti inú ọ̀rá wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹ̀pà lílọ̀, mílíìkì, òróró àti ṣúgà ṣe oúnjẹ inú àpò fún àwọn ọmọ tí àìjẹunre-kánú ti ba ara wọn jẹ́. Àpò kan wọ gíráàmù 92 péré, ó sì jẹ́ kálórì 500. Ọmọ tí kò lágbára àtijẹun púpọ̀ á fà á mu díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi bọ̀ sípò. Ohun tó ń gbé ọmọ yẹn dìde ló wà nínú ìgò orí tábìlì yín o. Kò sì mọ̀ bóyá ẹni tó rù ló ń jẹ ẹ́ àbí ẹni tó ń wá bí òun yóò ṣe dín ìwọ̀n kù.

Bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n

Ẹ gbé ìgò náà fúnra rẹ̀ lé òṣùwọ̀n, ẹ ṣí i, ẹ dá òṣùwọ̀n padà sí òdo. Ẹ máa bù ú kúrò títí òṣùwọ̀n yóò fi kọ 16 pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú. Ohun tó ti kúrò nínú ìgò nìyẹn, yálà ó wà lórí búrẹ́dì, lára ọ̀bẹ, tàbí lẹ́nu yín. Ọ̀nà yìí ló dára jù, torí kò sí ibi tí èyí tí ẹ lá fẹ́ sá pamọ́ sí.

Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, ẹ lo ṣíbí ìwọ̀n, kì í ṣe ṣíbí ìjẹun. Ẹ kún un, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ tẹ́jú, kí ẹ nu ìdí rẹ̀. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn kan wọ̀n ọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ojú àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ojú kì í mọ̀ ọ́n. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, òkìtì á ti padà sórí ṣíbí.

Ẹni tó fẹ́ dín ìwọ̀n ara kù: ṣíbí 1 lójúmọ́, gíráàmù 16. Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ ti dé ibi tó fẹ́ tó sì ń ṣiṣẹ́ agbára: ṣíbí 2, gíráàmù 32. Ẹ kọ́kọ́ bù ú sórí oúnjẹ tàbí sínú àwo, kí ẹ dé ìgò, kí ẹ gbé e pamọ́, kí ẹ tó jẹun. Ẹ má ṣe jẹ ẹ́ láti inú ìgò. A ti wí èyí títí, síbẹ̀ a ṣì ń bá àwọn tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì lóru pàdé, ìgò lọ́wọ́ òsì, ṣíbí lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó lè ka ìyẹn.

Ohun tí ẹ ó fi jẹ ẹ́

Ápù kan tó mọ níwọ̀n jẹ́ bíi kálórì 95, iye kan náà pẹ̀lú ṣíbí kan tó tẹ́jú. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi gíráàmù 16 náà kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ ti ní ìpanu kálórì 190 tó ń gba àkókò lẹ́nu tó sì ń dúró nínú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan fi díẹ̀ ju ápù lọ, bíi 105. Kárọ́ọ̀tì kéré ju méjèèjì lọ.

Bí ó bá ṣòro fún ṣíbí kan láti kárí, ẹ fi omi gbígbóná pò ó. Ẹ kán omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Á kọ́kọ́ ki, á le bí ẹni pé ẹ ti bà á jẹ́. Ẹ má dúró, ẹ fi omi díẹ̀ kún un, á rọ̀, á máa dà bí ọbẹ̀. Kálórì rẹ̀ ò pọ̀ sí i, àmọ́ ó ti tó láti da sórí ọ́ọ̀tì tàbí láti kun búrẹ́dì 2.

Lórí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì, òun ni gbogbo èèyàn ń dá lẹ́bi. Búrẹ́dì gígé 2 jẹ́ bíi kálórì 160. Bí ẹ bá fi ṣíbí onókìtì 1 kun ọ̀kọ̀ọ̀kan, bíi 440 lẹ fi lé e. Èwo ló ń mú ìwọ̀n lọ sókè nínú méjèèjì?

Ọ̀rọ̀ purotéènì náà nìyí. Wọ́n á ní torí purotéènì làwọn ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹyin ńlá kan ní purotéènì gíráàmù 6 fún bíi kálórì 72. Ṣíbí kan bọ́tà ẹ̀pà kò tó gíráàmù 4, fún 95. Bí ẹ bá fẹ́ rí gíráàmù 20 nínú bọ́tà ẹ̀pà nìkan, ẹ ó jẹ kálórì tó lé ní 450. Ẹ jẹ ẹ́ torí adùn rẹ̀, torí ọ̀rá rere inú rẹ̀, torí fítámì E àti mágínísíọ̀mù. Ẹ wá púpọ̀ nínú purotéènì yín níbòmíràn.

Ìgò tí ẹ ó rà àti èyí tí ẹ ó lọ̀

Ẹ ka ara ìgò. Ẹ̀pà nìkan, tàbí ẹ̀pà àti iyọ̀ díẹ̀, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n ti dín ọ̀rá rẹ̀ kù kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kálórì kù. Ṣúgà àti ìyẹ̀fun ni wọ́n sábà fi ń dí àyè ọ̀rá tí wọ́n yọ, ó sì máa ń tó kálórì 180 tàbí 190 fún ṣíbí 2 bákan náà. Oníyẹ̀fun gbígbẹ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ jáde ló kéré lóòótọ́: ṣíbí 2, bíi gíráàmù 12, jẹ́ kálórì 50 sí 60. Ẹ ṣáà wo ṣúgà àti iyọ̀ inú rẹ̀.

Òróró tó léfòó lókè ìgò kì í ṣe àmì pé ó bàjẹ́. Ẹ dorí ìgò kodò mọ́jú, kí ẹ rò ó, kí ẹ wá gbé e sí fìríìjì. Ẹni tó bá da òróró náà nù yóò rí i pé ìsàlẹ̀ á le gbagidi.

Ẹni tó ń lọ̀ ọ́ nílé: ẹ má ṣe da òróró sí i. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ sọ ẹ̀pà di ìyẹ̀fun, á di ìṣù, lẹ́yìn náà ni òróró tirẹ̀ á jáde. Sùúrù ló ń fẹ́. Ṣíbí òróró kan jẹ́ kálórì 120, a sì ti rí ẹni tó da 3 sí i kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ ṣa ẹ̀pà kí ẹ tó yan án, kí ẹ da gbogbo èyí tó bu, tó rún, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí dànù. Oró aflatoxin tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ló máa ń wà nínú irú wọn, yíyan kì í sì í mú un kúrò tán. Ẹ má tìtorí pé ó ṣe yín láàánú láti dà á nù kí ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ èyí tó dára.

Àwọn ọmọdé ò sí nínú ètò kálórì yìí. Ẹ má ṣe bu bọ́tà ẹ̀pà tó ki sẹ́nu ọmọ kékeré, ó lè há a lọ́fun. Ẹ fi omi pò ó kó rọ̀, tàbí kí ẹ kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò rárá. Bí ètè bá wú, tí nǹkan sú yọ lára, tàbí tí mímí ṣòro, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ orí ìdérí

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí ìgò tuntun, ẹ kọ ọjọ́ náà sórí ìdérí rẹ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń jẹ ẹ́ ní ṣíbí kan tó tẹ́jú lójúmọ́, ìgò gíráàmù 500 gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 31. Bó bá tán ní ọjọ́ 12, ẹ pín 500 sí 12: bíi gíráàmù 42 ni ẹ ń jẹ lójúmọ́, kálórì 250, ohunkóhun tí ẹ ìbáà máa kọ sínú ìwé ìjẹun yín. Bó bá tán ní ọjọ́ 5, gíráàmù 100 ni, kálórì tó sún mọ́ 600. Ẹni tó ń gbìyànjú láti dín 500 kù lójúmọ́ ti jẹ gbogbo rẹ̀ padà, ó sì jẹ lé e. Bí ẹ bá pọ̀ tó ń jẹ nínú ìgò kan, kí kálukú ní tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ lára.

Ẹ má ṣe ju ìgò tó tán nù. Ẹ mú un dání wá fún ìwọ̀nra tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀.