Ẹ má fi oògùn pamọ́ sínú ògì: àṣìṣe tí mò ń bá nílé àwọn tó ní àrùn ọpọlọ

Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé dé ilé ni mo ń lọ ní Nyanya, Karu àti Mararaba. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí owó tí ẹbí ń ná dànù lórí àṣìṣe kan náà.

1. Ẹ má dá oògùn dúró nítorí pé ara aláìsàn ti yá. Oògùn yẹn ló jẹ́ kó yá.

2. Ẹ má fi oògùn pamọ́ sínú oúnjẹ. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ìyá kan ní Mararaba ń lọ olanzapine, oògùn àrùn ọpọlọ, ó ń pò ó mọ́ ògì ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tí àìsàn náà ti ń sọ fún ọmọ yìí tẹ́lẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ fún un ní májèlé jẹ. Lọ́jọ́ kan ó rí lẹ́búlẹ́bú oògùn nísàlẹ̀ ife. Láti ọjọ́ náà kò jẹ oúnjẹ ilé mọ́, àfi búrẹ́dì tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ rà. Ìyá ń sunkún: “Nọ́ọ̀sì mi, ṣebí kí ara ẹ̀ lè yá ni.” Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti sọ irọ́ àìsàn di òótọ́ lójú ọmọ. Ṣáájú ọjọ́ náà, dókítà kò mọ̀ pé ààbọ̀ ògì ń ṣẹ́kù lójoojúmọ́, tòun ti oògùn inú rẹ̀. Ó rò pé oògùn kò ràn án, ó fi kún un, owó sì di ìlọ́po méjì. Èmi náà jẹ̀bi. “Ṣé ó ń lo oògùn?” ni mò ń bi ìyá, mi ò bi í pé báwo.

Nígbà tí mo wá jókòó ti ọmọ náà, ó ní: “Àǹtí, oorun ẹ̀ ló pọ̀ jù. Ọ̀gá mi ti lé mi ní ṣọ́ọ̀bù.” Kò sẹ́ni tó bi í rí. Dókítà bá a sọ̀rọ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló yan abẹ́rẹ́ fluphenazine tí wọ́n ń gún fún un lọ́sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin.

Bí ọrùn bá ṣàdédé wọ́ lẹ́yìn haloperidol, tó jẹ́ oògùn àrùn ọpọlọ mìíràn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀mí àìmọ́. Ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn, ó ní oògùn tó ń tú u.

Bí ẹ bá ń lọ sílé fún Iléyá, ẹ ra oògùn tó máa tó yín títí ẹ ó fi padà.

Ẹ̀yin tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹ rí dókítà ṣáájú, kó lè wò ó bóyá oògùn yín ṣeé gbé sí àkókò ìṣínu tàbí sààrì. Ti lithium, oògùn tó ń mú ìṣesí dúró déédéé, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ooru Àbújá, bí omi bá dín kù lára, yóò pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fi ibuprofen, oògùn ara ríro, kún un láìbéèrè. Bí ọwọ́ ẹni tó ń lo lithium bá ń gbọ̀n gan-an tí èébì sì ń gbé e, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.