Bí Wọ́n Bá Lẹ Ìwé Ìjọba Mọ́ Igi Obì Yín

Ara igi obì gbàǹja ni wọ́n lẹ ìwé tí ìjọba fi sọ pé òun gba ilẹ̀ wa mọ́, ní oko bàbá wa lẹ́bàá Ṣágámù. Òjò ti pa á kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó rí i. Ìyá wa bú sẹ́kún, àwọn ọ̀dọ́ ilé sì ń wá àdá. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó ká kọ́kọ́ ka ìwé ọ̀hún.

Ẹ̀yin náà, ẹ kà á dáadáa. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, abala 28, fún gómìnà láṣẹ láti gba ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ìlú. Ṣé ìwé yín sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe? Tiwa ò sọ ọ́. Lọ́dún 1991, nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀ pé a ò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ká fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ.

Ẹ wo bí ìwé náà ṣe dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú. Abala 44 nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ yẹn ní kí wọ́n fi lé yín lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n mú un wá sílé yín, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá wá onílẹ̀ tì ni wọ́n tó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan. Orúkọ bàbá wa wà nínú ìwé ìwọnlẹ̀, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò wá wa délé. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà níbi tó wà kí ẹ tó já a.

Ẹ kọ lẹ́tà àtakò ní ẹ̀dà méjì, kí ọ́fíìsì tó gbà á lu òǹtẹ̀ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí jọ fọwọ́ sí i, kí wọ́n má baà fa ẹnì kan yọ lára yín. Ẹ tètè rí lọ́yà kí oṣù mẹ́ta tó pé, torí pé agbẹjọ́rò ìjọba lè sọ pé ẹ ti pẹ́ jù.

Ibi tó dùn mí jù ni owó gbà-má-bínú. Fún ilẹ̀ gbalasa, kìkì owó ilẹ̀ tí ẹ san lọ́dún yẹn ni òfin ní kí wọ́n dá padà. Ilé àti igi ló ń mówó wá, nítorí náà ẹ kà wọ́n fúnra yín. Igi obì 43 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá kà á kọ sílẹ̀. Èmi àti àbúrò mi fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára igi kọ̀ọ̀kan, a ya fọ́tò wọn, aládùúgbò méjì fọwọ́ sí i: 71.

Wọn á sọ fún yín pé abala 47 nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ ò jẹ́ kí kóòtù yẹ iye owó wò. Ẹ ní kí lọ́yà yín di abala 44 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 mú. Ó ní kí wọ́n sanwó kíákíá, ó sì fún onílẹ̀ láyè láti lọ sí kóòtù lórí iye rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tó bá ní ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín tán.

Bàbá wa máa ń sọ ìtàn Olóyè Amodu Tijani Olúwa fún wa. Nígbà tí ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ wọn ní Àpápá, ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Wọ́n dá a láre lọ́dún 1921. Ìtàn yẹn ni mo sọ fún ìyá wa lálẹ́ ọjọ́ tó ń sunkún.

Ẹjọ́ tiwa ṣì wà ní kóòtù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti padà wá ka igi náà, 71 ló sì wà nínú ìwé wọn báyìí.