Jíìpù Tòkunbọ̀, Bẹntiróòlù Tàbí Dísẹ́lì: Ẹ Ṣírò Ọdún Kan Kí Ẹ Tó Lọ Wo Ọkọ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó Oǹdó, Ọ̀ṣun, Èkìtì àti Ògùn la kọ ìwé yìí fún, ẹ̀yin àti ará ilé yín. Ní 2024, kòkó wọ́n. Tọ́ọ̀nù kan kọjá $10,000 lọ́jà àgbáyé, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kejìlá ó ti lé ní $12,000. Owó wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ra jíìpù. Nígbà tó fi di oṣù Kọkànlá 2025, iye yẹn kò tó ìdajì mọ́. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé ládùúgbò yín: jíìpù ti dúró sábẹ́ igi, afẹ́fẹ́ ti jò tán nínú táyà, adìyẹ ti ń yé sábẹ́ ẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ yẹn ló dára lọ́jọ́ tí wọ́n rà wọ́n. Owó ìtọ́jú wọn ni kò sí. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí à ń rí láti abúlé dé abúlé ni pé àgbẹ̀ á kó gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, á bèèrè pé èló ni wọ́n ń tà á, kò sì ní bèèrè èló ni ọkọ̀ náà yóò máa gbà lọ́wọ́ òun lọ́dọọdún. Ìṣirò ọdún yìí náà ló máa sọ bóyá bẹntiróòlù lẹ máa rà tàbí dísẹ́lì. Ẹ má lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó jókòó ní gáréèjì, nítorí ọkọ̀ tí àwọn ń wà ni wọ́n máa yìn.

Ìṣirò náà

Ẹ mú bírò àti ìwé. Ká ní oko yín jìn sílé tó 18 km. Àlọ àtàbọ̀ di 36. Bí ẹ bá ń lọ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 50, ó di 7,200 km. Ẹ fi 200 km kún un lóṣooṣù fún ọjà, òkú, ìgbéyàwó àti ọmọ tó wà nílé ìwé: 2,400. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 9,600 km lọ́dún. Ọ̀pọ̀ yín ni kò rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ tilẹ̀ ń sọ pé ẹ kì í gbélé.

Jíìpù bẹntiróòlù oní-sílíńdà mẹ́fà, irú Toyota 4Runner 2003 sí 2009, ń mu nǹkan bíi lítà 14 ní 100 km. Oní-sílíńdà mẹ́jọ 4.7 (4.7 ni títóbi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní lítà) tó wà nínú Toyota Sequoia àtijọ́ ń mu bíi lítà 16. Land Cruiser dísẹ́lì àtijọ́ oní-4.2 ń mu bíi lítà 12 bí ara rẹ̀ bá dá. A ó fi ₦1,000 ṣe lítà bẹntiróòlù, ₦1,100 ṣe ti dísẹ́lì, kí ìṣirò lè rọrùn; iye tó wà lójú pọ́ọ̀ǹpù ládùúgbò yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ka ìwé yìí ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Fún 9,600 km, 4Runner yóò mu lítà 1,344, ìyẹn ₦1,344,000. Land Cruiser dísẹ́lì yóò mu lítà 1,152, ìyẹn ₦1,267,200. Ohun tí dísẹ́lì fi dín kù jẹ́ ₦76,800 lódindi ọdún kan. Ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì iye tí wọ́n ń ta nọ́sù mẹ́fà (ẹnu tó ń fọ́n dísẹ́lì sínú ẹ́ńjìnnì) àti iye tí wọ́n ń gbà tún pọ́ọ̀ǹpù dísẹ́lì ṣe, kí ẹ tó máa yọ̀ sí ₦76,800 yẹn. "Dísẹ́lì kì í jẹ epo" tí gbogbo yín ń tún sọ, onítírélà àti oníbọ́ọ̀sì tí kì í sùn lẹ́ẹ̀mejì nílùú kan ló bá mu.

Fún alágbàtà tó ń lọ láti ìlú dé ìlú ra kòkó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bó bá ń rin 30,000 km lọ́dún, Sequoia yóò mu lítà 4,800, ₦4,800,000, dísẹ́lì 4.2 yóò mu lítà 3,600, ₦3,960,000. ₦840,000 ló wà láàárín wọn, ìyẹn tó owó tó lè tún nǹkan ṣe.

Òfin tí à ń fún yín nìyí: bí ẹ kò bá rìn tó 20,000 km lọ́dún, ẹ ra bẹntiróòlù oní-sílíńdà mẹ́fà, kí ẹ sì fi sílíńdà mẹ́jọ sílẹ̀. Bí ẹ bá rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè ra dísẹ́lì, ṣùgbọ́n kí ẹni tó mọ pọ́ọ̀ǹpù dísẹ́lì tú wà láàárín 30 km sílé yín. Kí ẹ ti rí i sójú, kí ẹ ti bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì ti rí ọkọ̀ dísẹ́lì méjì ó kéré tán tó ń tún ṣe lọ́wọ́. Mẹkáníìkì tó bá ní "gbogbo ẹ̀ náà ni mo mọ̀" kò tíì dáhùn yín.

Dísẹ́lì tí ẹ kò gbọ́dọ̀ rà

Jíìpù dísẹ́lì tó wá láti Bẹ́ljíọ̀m tàbí Jámánì, tó jáde ní 2011 sókè, ní agolo kan nínú páìpù èéfín tó máa ń gba èédú dísẹ́lì dúró. Kí èédú yẹn tó lè jóná dànù, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sáré geere fún bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójú títì. Ojú ọ̀nà oko yín kò gba irú eré bẹ́ẹ̀. Imí-ọjọ́ tó bá pọ̀ nínú dísẹ́lì náà tún ń bà á jẹ́. Á dí, ọkọ̀ á máa fà, iná á tàn níwájú awakọ̀, ẹnìkan á sì ní kí ẹ jẹ́ kí òun gé e sọnù. Ẹ fi irú ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ fún ará ìlú ńlá.

Bó bá jẹ́ dísẹ́lì àtijọ́ lẹ rà, ẹ máa tú omi ìsàlẹ̀ fílítà rẹ̀ dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò, kí ẹ sì pààrọ̀ fílítà náà ní gbogbo 10,000 km. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì da bẹntiróòlù sí i, ẹ má tan án rárá. Ẹ tú táǹkì.

Ẹrù

Jíìpù kì í ṣe píkọọ̀pù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ara òpó: bébà kan wà níbẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn tó ń sọ iye kìlógíráàmù tí èèyàn àti ẹrù kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bó bá kọ 530 kg, awakọ̀ àti èèyàn mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó 70 kg ti jẹ 280 nínú ẹ̀. Ó ku 250. Àpò kòkó kan jẹ́ nǹkan bíi 64 kg, nítorí náà àpò mẹ́ta ló lè gbà. Ìkẹrin ti kọjá. A ti rí àpò mẹ́jọ nínú irú ọkọ̀ yìí, tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀, tí olówó ọkọ̀ sì ń bú ẹni tó ta ṣọ́ọ̀kì fún un. Bó bá jẹ́ tìtorí kòkó lẹ ṣe ń ra ọkọ̀, ẹ háyà píkọọ̀pù lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó kòkó.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wò ó

Ẹ dé ibẹ̀ kí aago méje àárọ̀ tó lù, ẹ fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ti tan án sílẹ̀ dè yín. Ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí ẹ bá tan án, ẹni kan kí ó dúró lẹ́yìn. Èéfín tó ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, omi ti ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí ihò náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń fò tàbí tó fò dànù, ẹ máa lọ sílé, pàápàá bó bá jẹ́ dísẹ́lì.

Ẹ wà á fún ogún ìṣẹ́jú, kí òkè wà nínú ẹ̀, kí ẹ tan ẹ́síì. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó títí dé òpin: ẹrẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀, ọkọ̀ tí àgbàrá ti gbé rí nìyẹn, wáyà inú rẹ̀ á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú róbótó kékeré lára táyà. 1718 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 17 ní 2018. Táyà tó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ kọ owó táyà tuntun sínú ìṣirò yín, bó ti wù kó dán tó.

Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń ka máìlì. 150,000 tí ẹ rí lójú aago jẹ́ bíi 241,000 km. Ẹ́ńjìnnì 4.7 gbọ́dọ̀ gba timing belt (bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì) tuntun ní 90,000 máìlì; bí kò bá sí ẹ̀rí pé wọ́n ti ṣe é, ẹ gbà pé wọn kò ṣe é.

Owó

Nínú ₦100 tí ẹ ní, ₦70 ni kí ẹ fi ra ọkọ̀. ₦30 tó kù jẹ́ ti ọdún àkọ́kọ́: ìwé, táyà, bẹ́líìtì, bíréèkì, ọ́ìlì. Ẹni tó ní ₦12,000,000 kò gbọ́dọ̀ ra ọkọ̀ tó ju ₦8,400,000 lọ. ₦3,600,000 á wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kì í ṣe lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ̀yin baálé, ẹ jẹ́ kí ìyá àwọn ọmọ jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìṣirò yìí. Owó ilé ìwé àti owó ìpakòkòrò, inú owó kòkó kan náà ló ti ń jáde, òun ló sì sábà máa ń rántí wọn.

Ìwé ọkọ̀ ló kàn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Èyí tó bá gba inú igbó láti Kùtọnu dé, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó máa dá owó yín padà. Nọ́ńbà ṣáàsì jẹ́ 17, lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà. Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀: 5 jẹ́ 2005, A jẹ́ 2010. Èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, èyí tó wà lára òpó ilẹ̀kùn àti èyí tó wà lórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ kà wọ́n fúnra yín, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.