Ẹ ka ara wáyà kẹ́ ẹ tó ra extension

Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra extension ní Sábó, Ìkòròdú níbí, ẹ má wo ẹwà ojú rẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára wáyà, ìyẹn bí wáyà inú rẹ̀ ṣe nípọn tó. 0.75mm, ti fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù nìyẹn. Kẹ́tùlù 2000 wáàtì ń fa bíi ámípù 9 (ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá), 1.5mm ni kẹ́ ẹ rà fún un. Tó bá gùn dé ẹ̀yìnkùlé, ẹ ra 2.5mm, kí iná má baà rẹ̀ kó tó débẹ̀. 13A (ámípù 13) tí wọ́n kọ sórí púlọ́ọ̀gì, púlọ́ọ̀gì ló ń sọ, kì í ṣe wáyà (ibẹ̀ ni wọ́n ti mú èmi náà). Mo fi extension oníwáyà tín-ínrín kan se omi lóṣù tó kọjá, ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀bà gbígbóná, òórùn rọ́bà gba gbogbo yàrá. Mo tún ká a jọ sílẹ̀ bí ejò, ooru ò ríbi gbà jáde. Ẹ tú tiyín sílẹ̀ pátá.