Bàálù láti Èkó: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ wákàtí tó máa gbà yín gan-an

Kẹ́ ẹ tó sọ fún ẹni tó fẹ́ wá gbé yín pé aago báyìí lẹ̀ ń dé, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kékeré yìí, kò le rárá.

Ẹ ṣí Google Maps lórí fóònù, ẹ tẹ ìka mọ́ éápọ́ọ̀tù Ìkẹjà títí àmì pupa yẹn á fi yọ, ẹ wá mú "Measure distance", kẹ́ ẹ wọ́ ọ dé ìlú tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ọ̀nà òfurufú ló máa gbé wá, kì í ṣe ti títì o. Àbújá yìí, bíi kìlómítà 510 péré ni lókè, ẹni tó bá wọ mọ́tò á rìn ju 700 lọ.

Ẹ fi 800 pín iye kìlómítà yẹn, torí bàálù ńlá máa ń sá tó 800 sí 900 ní wákàtí kan, ẹ wá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e nítorí rírìn nílẹ̀, gígòkè àti bíbọ̀ wálẹ̀. London jẹ́ bíi 5,000, ó máa fún yín ní wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 45, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń rí. New York lé ní 8,400, wákàtí 11 ní àlọ, àmọ́ àbọ̀ máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ torí atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ níbí, á kọjú ìjà sí bàálù tó bá ń lọ, á sì máa tì í lẹ́yìn tó bá ń bọ̀.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ni aago. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Àǹtí mi kan ní Ọbaléndé rí tíkẹ́ẹ̀tì Accra, gbéra 12:00, balẹ̀ 12:00, ló bá ké pè mí pé, "Ṣé bàálù ọ̀hún ò ní kúrò lójú kan ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Accra fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa ni, tí wọ́n bá wá ń padà bọ̀, tí wọ́n gbéra ní aago méjì, aago mẹ́rin ni wọ́n máa kọ fún Èkó. Ti London tún wá yàtọ̀, láti ìparí March sí ìparí October aago kan náà la jọ ń lò, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn.

Èyí tí ìṣirò kankan ò lè ràn yín lọ́wọ́ ni láti Island dé Ìkẹjà, jàre. Mo kúrò ní Lekki aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Friday kan, Àbújá ni mò ń lọ, gó-silóò gbé wa dúró lórí afárá Third Mainland débi pé mo ra gàlá, mo jẹ ẹ́ tán, a ò tíì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ dánfó kan náà. Nígbà tí mo máa dé, wọ́n ti pa káńtà. Ní báyìí, tí bàálù mi bá jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́, mo ti máa ń wà ní Ìkẹjà láti ọ̀sán, màá lọ jókòó sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Mafoluku, màá jẹ àmàlà.